Ṣọ́ọ̀ṣì oníwúrà São Francisco ní Bàhíà: ṣé àwọn baba ńlá wa ló kọ́ ọ?

Àbẹ̀kẹ́ Àgùdà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ibí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè.

Ọ̀kan nínú àwọn ìdílé Àgùdà ní Èkó, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíl padà wálé, ní àdúgbò Campos, ni ìyá bàbá mi àgbà ti wá. Láti kékeré ni wọ́n ti máa ń sọ fún wa pé ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsíl, tí wọ́n fi wúrà bo inú rẹ̀ látilẹ̀ dókè, àti pé àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Àǹtí mi kan tún máa ń fi kún un pé àwọn ẹrú tó gbẹ́ àwọn áńgẹ́lì inú rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú àti ikùn ńlá, kí wọ́n lè fi bú àwọn olówó wọn láìjẹ́ kí wọ́n fura.

Iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ni mò ń kọ́ ní yunifásítì báyìí, orí àwọn ilé Àgùdà l'Ékòó ni mo sì fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣejáde mi lé. Ọlọ́run ṣe é, ọ̀nà ti là fún mi láti lọ sí Salvador, olú ìlú Bàhíà. Mo ti wo fọ́tò São Francisco títí ojú fi ń ro mí. Ìgbà wo gan-an ni wọ́n kọ́ ọ, ta ló sì kọ́ ọ? Báwo ni àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa gbé nínú òṣì bíi ti Francis Mímọ́ ṣe wá ń jọ́sìn láàárín wúrà? Ṣé òótọ́ ni pé àjà rẹ̀ já lulẹ̀? Bí mo bá sì dé Bàhíà, kí ni n kò gbọ́dọ̀ má wò?

Ẹ má bínú pé ìbéèrè mi pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára ni.

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà

Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi, o káre tó o béèrè. Salvador ni mò ń gbé. Èdè wa ni mo fi ń jẹun níbí: mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé òrìṣà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n bí mi sí ní Ọ̀yọ́. Bàbá mi gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ òpó, títí agbára fi tán lápá rẹ̀. Ojú oníṣẹ́ igi ni mo fi ń wo ilé yẹn, ojú yẹn náà ni màá fi dá ọ lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to ọdún rẹ̀. Ní 1549 ni Tomé de Sousa tẹ Salvador dó fún ọba Potogí. Àwọn ẹlẹ́sìn Francis Mímọ́ dé ní 1587, wọ́n sì kọ́ kọ́ńfẹ́ntì wọn àkọ́kọ́, ìyẹn ilé tí wọ́n ń gbé. Ní 1624, àwọn ará Holland ṣígun wọ ìlú, ilé náà sì bá ogun lọ. Ọ̀tọ̀ lèyí tá à ń wò lónìí. Ọdún 1686 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ kọ́ńfẹ́ntì tuntun, 1708 ni wọ́n fi òkúta àkọ́kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lélẹ̀, nígbà tó sì di 1723, ògiri àti iwájú rẹ̀ ti dúró. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá gbájú mọ́ inú. Iṣẹ́ inú yẹn gbà wọ́n ju ogún ọdún lọ.

Fọkàn sí àwọn ọdún yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ tó tóbi jù wà. Láàárín 1708 sí 1723, Ọ̀yọ́ ṣì dúró digbí nílé lọ́hùn-ún. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń kó dé Bàhíà kò tíì pọ̀. Àwọn ará Àǹgólà ló kún ìlú, àtàwọn tí wọ́n ń pè ní Jéjé níbí, ìyẹn àwọn ará Àlàdá, Wìdà àti Dàhọ̀mì. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ ń dàrú, láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún wọ inú ìkọkàndínlógún, ni ọkọ̀ wá ń kó tiwa wọlé láìdabọ̀, tí àwọn Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, fi wá pọ̀ ju gbogbo ẹ̀yà yòókù lọ láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà ìlú yìí.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ló ru òkúta, ta ló po ẹfun ìkọ́lé, ta ló gbé ìtì igi láti etí òkun gun òkè Salvador tó dà bí ògiri yẹn, màá ní ọmọ Áfíríkà ni, àti àwọn tí wọ́n bí sínú oko ẹrú níbí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ará Àǹgólà àti Jéjé wà níbẹ̀ ju ọwọ́ tiwa lọ. Ó wu èmi náà kó jẹ́ pé àwa la kọ́ ọ. Àmọ́ òógùn wọn ni, wọn ò sì sí láyé mọ́ tí wọn ì bá fi bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Tí o bá kọ iṣẹ́ rẹ, dákun dárúkọ wọn.

Ní ti áńgẹ́lì ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wíwú, àwọn tó ń mú àlejò káàkiri máa ń sọ ìtàn náà, ó sì máa ń dùn létí. Ṣùgbọ́n wá fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco ti ìlú Porto, ní ilẹ̀ Potogí gan-an. Igi tí wọ́n fi wúrà bò kún ibẹ̀ náà, àwọn áńgẹ́lì ọmọ-ọwọ́ rẹ̀ sì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ikùn kan náà. Bí àwọn oníṣẹ́ ayé ìgbà náà ṣe ń gbẹ́ áńgẹ́lì nìyẹn, lókè òkun níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ohun tó jọ mí lójú nínú iṣẹ́ ọwọ́ yẹn kò nílò ìtàn àfikún.

Wò ó, nígbà tí o bá wọlé, ohun tí yóò kọ́kọ́ kọlu ojú rẹ ni wúrà. Kò sí ibi tí ojú fẹ́ sá sí. Òpó lílọ́ tí igi àjàrà gùn, ẹyẹ tó ń ṣá èso àjàrà jẹ, òdòdó, áńgẹ́lì tó ń fi orí ru igun pẹpẹ, ewé tó ká mọ́ ara rẹ̀. Irú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Baroque nìyẹn: kò fẹ́ kí àyè kankan ṣófo, ó fẹ́ kí gbogbo ara ènìyàn mọ̀ pé òun ti dé ibòmíràn. Ògiri òde kò sì sọ ọ́ fún ọ tẹ́lẹ̀ rárá. Òkúta ni iwájú rẹ̀, ilé agogo méjì, fèrèsé tó wà létòlétò, etí òkè rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ká kò. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó ti ojúde oòrùn gbígbóná yẹn wọ inú wúrà yóò dúró lójijì. Mo ti rí i lára àgbà, mo rí i lára ọmọdé.

Ṣùgbọ́n sún mọ́ ọn. Wá ibi tí ọwọ́ àwọn olùjọ́sìn ti ń kan òpó láti ọjọ́ pípẹ́, ní ìwọ̀n èjìká ènìyàn. Wúrà ti ṣí níbẹ̀. Wàá rí pupa lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn pupa wàá rí funfun, lẹ́yìn funfun, igi. Gbogbo àṣírí iṣẹ́ náà ló wà lójú kan yẹn. Wọ́n á gbẹ́ igi tán, wọ́n á fi àtè tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran pa á lára. Wọ́n á po ẹfun mọ́ àtè náà, wọ́n á kùn ún, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á tún un kùn, títí ojú igi á fi dí tí yóò sì jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi amọ̀ pupa kíkúnná kùn ún, torí amọ̀ yẹn ló ń mú kí wúrà ràn bí iná. Wọ́n á wá fi omi tutù kan amọ̀, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ gbé ewé wúrà lé e. Ewé yẹn fẹ́lẹ́ débi pé bí o bá mí sí i, ó ti fò lọ. Nígbà tó bá fẹ́ gbẹ tán, òkúta agate dídán ni wọ́n fi ń ra á, ra á, títí yóò fi máa kọ mànà. Ká ṣe èyí lára ògiri tó tẹ́jú ti tó iṣẹ́. Kí wọ́n wá ṣe é lára gbogbo ìyẹ́ ẹyẹ, lára gbogbo ìka ẹsẹ̀ áńgẹ́lì, káàkiri odindi ṣọ́ọ̀ṣì!

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi dúró gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ka iye kílò wúrà fún àlejò. Wúrà yẹn kò nípọn ju èémí lọ. Igi ló gbé e dúró. Ilé igi ni São Francisco, tí ó wọ ẹ̀wù òkúta sóde tí ó sì fi wúrà para nínú, ọ̀tá igi, ìyẹn ikán àti ọ̀rinrin, sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ìlú yìí kò ṣaláìní méjèèjì.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àjà, ó sì dùn wá. Ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2025 ni apá kan àjà gbọ̀ngàn ńlá já lulẹ̀ lójú ọ̀sán. Ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 26 kan tó wá wo ibẹ̀ kú, ènìyàn márùn-ún sì fara pa. Wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Igi ni wọ́n fi kan àjà yẹn, wọ́n gé e ní oríṣiríṣi, òmíràn bí ìràwọ̀, òmíràn ní igun mẹ́fà, mẹ́jọ, àwòrán sì wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́sìn kan láàárín wọn, Frei Jerônimo da Graça, ló ya wọ́n ní àwọn ọdún 1730. Láti 1938 ni ìjọba Bràsíl ti kọ ilé náà sínú ìwé ohun ìní orílẹ̀-èdè, UNESCO sì kọ àárín ìlú àtijọ́ Salvador mọ́ ogún gbogbo ayé ní 1985. Kí á kọ orúkọ ilé sínú ìwé rọrùn ju kí á gun àjà lọ wo ìṣó rẹ̀ lọ́dọọdún. Kí Ọlọ́run tu àwọn ẹbí ọmọ yẹn nínú.

O bi mí léèrè òṣì àti wúrà. Àwọn ẹlẹ́sìn náà yóò sọ fún ọ pé ẹ̀jẹ́ de arákùnrin kọ̀ọ̀kan, kò de ilé Ọlọ́run: arákùnrin lè wọ aṣọ kan ṣoṣo pẹ̀lú okùn nídìí, àmọ́ kí pẹpẹ máa tàn. Ibi tí owó ti wá kò ṣòroó mọ̀. Nínú àwọn ọdún 1690 ni wọ́n rí wúrà ní ẹkùn Minas Gerais, ní Bràsíl níbí. Àwọn oníṣòwò Bàhíà ń fi tábà ra ènìyàn ní etíkun wa, ní Wìdà àti àwọn èbúté tó yí i ká, wọ́n sì ń tà wọ́n fún àwọn tó ń wa wúrà. Àwọn olóko ìrèké náà lówó. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń sìnkú sí láyé ìgbà yẹn. Olówó a máa fẹ́ kí wọ́n fi aṣọ Francis Mímọ́ wọ òun lọ sí sàréè, kí wọ́n sì sin òun sí tòsí pẹpẹ. Wọ́n ń fi owó lé ilẹ̀ nítorí ọ̀run. Mo gbọ́ àlàyé náà, ó sì yé mi. Ara mi kò gbà á tán, nítorí mo mọ ẹni tó wọ inú ihò lọ wa wúrà ọ̀hún.

Ọmọ Ìmàle Ìlọrin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí àbúrò wa má baà lọ sí Bàhíà kó kàn wo wúrà bọ̀.

Ojúde tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, Terreiro de Jesus, ṣe pàtàkì sí wa ju pẹpẹ èyíkéyìí lọ. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1835, nínú oṣù Ramadan, àwọn ọmọ wa jáde síta ìlú yẹn pẹ̀lú idà àti ọ̀kọ̀. Nàgó ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn Mùsùlùmí ló sì ṣáájú. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n so tírà mọ́ra. Wọ́n bá àwọn sójà jà ní Terreiro de Jesus yìí gan-an, wọ́n gba àdúgbò Pelourinho sọ̀ kalẹ̀, etí omi ní Água de Meninos ni àwọn ẹlẹ́ṣin ti wá dá wọn dúró. Nǹkan bí 70 lára àwọn ọmọ Áfíríkà ló kú. Wọ́n fi pàṣán na ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù, wọ́n sì lé àwọn mìíràn kúrò nílùú. Ìfòyà ìgbà yẹn wà lára ohun tó kó ọ̀pọ̀ ìdílé padà wá sí Èkó, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Wìdà. Ó lè jẹ́ ọ̀nà yẹn ni ìdílé ìyá bàbá rẹ àgbà gbà délé, Àbẹ̀kẹ́.

Mi ò ní kó má lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì o. Ṣùgbọ́n kó dúró ní ojúde náà pẹ́ ju bó ṣe dúró nínú ilé lọ. Wúrà ti gba ìyìn tó láti ìgbà pípẹ́, àwọn tó kú nítòsí rẹ̀ kò rí ìyìn gbà.

Àbẹ̀kẹ́ Àgùdà

Ẹ̀gbọ́n méjèèjì, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka ọ̀rọ̀ ará Àǹgólà àti Jéjé yẹn sí ìyá mi létí, a sì jọ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí ẹ sọ nípa pupa lábẹ́ wúrà ni mo máa kọ́kọ́ wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún dá mi lóhùn lórí èyí: níbo ni àwọn ọmọ Áfíríkà wà nínú São Francisco fúnra rẹ̀? Ṣé òde nìkan ni wọ́n dúró sí? Àti pé, yàtọ̀ sí wúrà, kí ni ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé lè rí kọ́ nínú kọ́ńfẹ́ntì náà?

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà

Ọmọ Ìmàle, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, mo fara mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín ojúde tí ẹ dárúkọ yẹn àti àgbélébùú òkúta tó wà níwájú São Francisco. Ojú kan ni kí á máa fi wo méjèèjì.

Àbẹ̀kẹ́, wọ́n wà nínú ilé. Pẹpẹ Benedict Mímọ́ wà nínú São Francisco, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń sìn ín sì fi kọ́ńfẹ́ntì náà ṣe ibùjókòó. Ọmọ ẹrú Áfíríkà ni Benedict fúnra rẹ̀. Erékùṣù Sicily ni wọ́n bí i sí, ó di arákùnrin nínú ìjọ Francis, ó sì kú ní 1589. Tipẹ́tipẹ́ kí Róòmù tó kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní 1807 ni àwọn ènìyàn wa ti ń gbé ère rẹ̀ jáde ní Bàhíà. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń sin òkú ọmọ ẹgbẹ́, ló ń ṣètọ́jú aláìsàn, ló ń dáwó ra òmìnira fún ara wọn. Ẹni tí olówó rẹ̀ ń pè bó ṣe wù ú lóko, nínú ẹgbẹ́ ó lóyè, ó ní àga, ó ní ohùn. Dúró níwájú pẹpẹ yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn kí o sọ̀ kalẹ̀ gba Pelourinho lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Nossa Senhora do Rosário dos Pretos. Èyí ni ilé tí o lè sọ láìbẹ̀rù pé àwọn aláwọ̀ dúdú ló kọ́ ọ fún ara wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1704, iṣẹ́ náà sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rúndún yẹn, nítorí àkókò ìsinmi díẹ̀ tí wọ́n ní ni wọ́n fi ń ṣe é. Búlúù ni iwájú rẹ̀. Itẹ́ òkú àwọn ẹrú wà lẹ́yìnkùlé. Bí o bá débẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wàá gbọ́ ìlù nínú ìsìn, àwọn orin kan á sì mú orí rẹ wú.

Kọ́ńfẹ́ntì wá. Ṣe o mọ agboolé wa, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká, tí gbogbo yàrá kọjú síbẹ̀? Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn, òkúta ni òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, ó sì ní òkè àti ìsàlẹ̀. Kí o jókòó sínú àgbàlá yẹn kí o ya bí iboji ṣe ń yí kiri. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nípa ooru. Ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ni táìlì aláwọ̀ búlúù àti funfun wà, àwòrán ńlá 37, tí wọ́n ṣe ní Lisbon tí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá láàárín àwọn ọdún 1740. Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé wọn kì í ṣe ìtàn Bíbélì. Ayàwòrán ilẹ̀ Flanders kan, Otto van Veen, ló kọ́kọ́ ya wọ́n sínú ìwé láti inú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n Horace, akéwì Róòmù tó kú kí ìyá Jésù tó bí i. Ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ikú, ọ̀rọ̀ àkókò tí kì í dúró de ẹnìkan, ọ̀rọ̀ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí àwọn arákùnrin bá ń rìn yípo lójoojúmọ́ pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu, ọ̀rọ̀ abọ̀rìṣà ni wọ́n ń rí lára ògiri. Ká sọ pé àwọn ará ìgbà náà fún òwe àwọn babaláwo tó wà láàárín ẹrú ní irú etí yẹn ni!

Táìlì inú ṣọ́ọ̀ṣì, nítòsí pẹpẹ àgbà, yàtọ̀. Ìtàn ayé Francis Mímọ́ ló wà níbẹ̀, orúkọ Bartolomeu Antunes ti Lisbon àti ọdún 1737 sì wà lára rẹ̀. Wo jacarandá tí wọ́n fi ṣe àwọn odi kéékèèké tó yí àwọn pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ ká náà. Wọn kò fi wúrà pa á, torí igi yẹn fúnra rẹ̀ tó wò: ó dúdú, ó wúwo, ó ń dán. Bàbá mi ì bá fi ọwọ́ pa á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wá ère Pedro de Alcântara Mímọ́ tí Manoel Inácio da Costa gbẹ́, kí o wo iṣan ọrùn àti egungun àyà ọkùnrin àwẹ̀ yẹn. Ọmọ Bàhíà ni agbẹ́gilére náà. Lójú tèmi, òun ni iṣẹ́ tó dára jù nínú gbogbo ilé, wúrà tó yí i ká ń ṣèdíwọ́ fún un ni.

Má sì kọjá ilé kejì, ti Ẹgbẹ́ Kẹta Francis Mímọ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìjọ lásán tó ń tẹ̀ lé Francis, láìwo iwájú rẹ̀. Gabriel Ribeiro ló ṣe é ní 1702 sí 1703. Òkúta ni wọ́n gbẹ́ bí ẹni gbẹ́ igi, látòkè délẹ̀. Àwọn ìran kan tí ìyẹn kò wù mọ́ lẹ̀ ẹ́ pa, ọdún 1932 ló tó tún ríta.

Mama Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ń kà láti òkè, inú mi ń dùn.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, bí o bá kúrò ní Bàhíà, kí o ya ọ̀dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́, torí ẹ̀dá iṣẹ́ yẹn wà níbí. Mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tó jẹ́ Mùsùlùmí kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, bí o bá rí i láìgbọ́ ìpè àdúrà, ṣọ́ọ̀ṣì Salvador ni wàá pè é. Ilé agogo méjì, òdòdó ẹfun lára ògiri, etí òkè tó ká kò, àwọ̀ lóríṣiríṣi. Ó ti gbó, ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí, mo sì máa ń bẹ àwọn ọmọ kí wọ́n má wó o.

L'Ékòó tiyín náà, João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, Sanusi Aka ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì ṣí i ní 1894. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ni a mọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà àtijọ́ ní Èkó, Holy Cross tó wà kí wọ́n tó kọ́ ti ìsinsìnyí. Iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà wà lára ohun tí àwọn ènìyàn wa kó délé. Bí ọmọ wa kan ò bá tilẹ̀ sí níbi iṣẹ́ São Francisco, àwọn ọmọ wọn kọ́ iṣẹ́ nínú ìlú tó kún fún irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi kọ́ tiwa. Ẹ má sì gbàgbé pé Ilọ́jọ̀ Bar ní Tinúubú, tí wọ́n kọ́ ní 1855 tí ìjọba sì ti kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, wọ́n wó o lulẹ̀ ní 2016. Ọmọ mi, yára ya èyí tó kù.

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà

Màmá, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ orúkọ mọ́ṣáláṣí yẹn sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Àbẹ̀kẹ́, ti ìrìn rẹ ló kù. Kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, béèrè lọ́wọ́ àwọn arákùnrin kọ́ńfẹ́ntì apá ibi tó ṣí fún àlejò, torí iṣẹ́ àtúnṣe lè ti apá kan pa nígbà tí òmíràn wà ní ṣíṣí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí o fi ìrìn rẹ sí, torí kí àjà tó já, ọjọ́ ìbùkún ni ní São Francisco, wọ́n sì máa ń pín búrẹ́dì Anthony Mímọ́ fún àwọn aláìní; béèrè bóyá wọ́n ṣì ń ṣe é. Mú bàtà tó rọ̀ dání, òkúta ni ilẹ̀ Pelourinho, ó sì dà gẹ̀rẹ̀. Mú pẹ́ńsù àti ìwé ju fóònù lọ. Àwòrán tí o bá fọwọ́ yà ló máa kọ́ ọ bí òpó yẹn ṣe ń lọ́. Bí o bá dé, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níbí, màá mú ọ dé Barroquinha, níbi tí àwọn obìnrin Ọ̀yọ́ àti Kétu ti pàdé lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó dá ilé òrìṣà Ìyá Nàsó sílẹ̀. Ìyẹn ni ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ní ìlú yìí, ó sì gba odindi ọjọ́ kan.